Àbúrò Mi, Má Tíì Ra Dírìlì Yẹn

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé o ti kó wọ fúláàtì tuntun ní South London, o sì ti ń ka dírìlì, àkàbà àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ kápẹ́ẹ̀tì mọ́ ohun tí o fẹ́ rà. Jọ̀wọ́, rọra ná. Kọ́tìnì méjì àti dígí kan lo fẹ́ gbé kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni dírìlì máa wà títí wàá fi kó jáde.

Ní 2014, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ Library of Things ní West Norwood, kí wọ́n tó kó lọ sí Crystal Palace. Bí láíbìrì ṣe ń yáni níwèé ni wọ́n ń yáni ní irinṣẹ́, àmọ́ wàá san owó díẹ̀ lójúmọ́. Irú rẹ̀ ti pọ̀ káàkiri Britain báyìí. Ní Amẹ́ríkà, láti 1979 ni láíbìrì ìlú Berkeley ti ń yá àwọn ará ìlú ní irinṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo mọ ohun tí o máa sọ: ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Ṣòkòtò ni àwọn àgbà wí, wọn ò dárúkọ àkàbà. Nílé náà, ta lo rí tó ra igba àga torí ìsọmọlórúkọ? Kánópì, àga, kúlà, títí dé ìkòkò ńlá tí wọ́n fi se jọ̀lọ́ọ̀fù, wọ́n ń háyà gbogbo ẹ̀ ni. Kí ló wá dé tí kálukú wa fi ń ra kánópì tiẹ̀ ní London nítorí ọjọ́ ìbí ọmọ kan? Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa irin àti bàbà inú dírìlì. Bí ilé mẹ́wàá bá ń lo ẹyọ kan, mẹ́sàn-án ò ní dé àkìtàn.

Ẹ̀rọ kápẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ni kí o gbájú mọ́. Bí epo pupa bá kán sílẹ̀ (ó máa kán), inú owó ìdógò rẹ ni lánlọ́ọ̀dù ti máa yọ owó ìfọ̀. Lọ yá a. Ó wúwo, má gbé e wọ bọ́ọ̀sì, wá ẹni tó ní mọ́tò. Bi àwọn tó yá ọ bóyá owó ọṣẹ wà nínú owó tí o san. Ìwọ àti aládùúgbò rẹ lè dáwó jọ, kí o fọ tìrẹ láàárọ̀, kó fọ tiẹ̀ lọ́sàn-án, àmọ́ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n máa bi. Ya fọ́tò rẹ̀ kí o tó gbé e kúrò níwájú wọn, kí wọ́n má baà di ohun tó ti sán tẹ́lẹ̀ rù ọ́. Da omi ìdọ̀tí inú ẹ̀ nù kí o tó dá a padà, má jẹ́ kí wọ́n bú ìyá wa.

Bùlẹ́ńdà ní tiẹ̀, rà á. Ẹni tó ń lọ ata lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ò lè máa yá ẹ̀rọ. Ìjókòó ọmọdé inú mọ́tò ńkọ́? Má gbà á lọ́wọ́ ẹni tí o ò mọ̀. Bó bá ti wà nínú jàǹbá ọkọ̀ rí, ojú lásán lè má rí ibi tó ti bàjẹ́. Bí o bá sì fẹ́ kánópì fún oṣù kẹjọ, tètè lọ mú ọjọ́, òpin ọ̀sẹ̀ ìgbà ooru ló máa ń kọ́kọ́ tán.