Ẹ̀kọ́ Keje: Àròkọ Aṣàpèjúwe – Ìrìn Ẹsẹ̀ Lórí Òkè Ìdànrè

Nínú ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú èyí, a rí i pé iṣẹ́ àròkọ asọ̀tàn ni láti ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àròkọ aṣàpèjúwe yàtọ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fi ọ̀rọ̀ ya àwòrán ènìyàn, ibì kan tàbí nǹkan kan, tí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí yóò fi dàbí ẹni pé ó ń fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ àròkọ kọ gbọ́dọ̀ mú ìròyìn rẹ̀ súnmọ́ àfojúbà bí ó bá ti lè ṣe tó.

Orí-ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ìrìn kì í wọ́n nínú ìdánwò: ‘Ibì kan tí mo ṣe àbẹ̀wò sí’, ‘Ìrìn àjò kan tí n kò lè gbàgbé’, ‘Ṣe àpèjúwe òkè tàbí odò kan tí o mọ̀’. Ó dàbí ohun tí ó rọrùn, òun sì ni ó ń gba máàkì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Àṣìṣe mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń ṣe.

Èkínní ni ìyìn òfìfo. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ pé, ‘Ibẹ̀ rẹwà púpọ̀, inú mi sì dùn gan-an.’ Kí ni ó rẹwà níbẹ̀? Kò sọ. Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá gbogbo ibi tí ó wà láyé mu, nítorí náà kò ṣe àpèjúwe ibì kankan.

Èkejì ni pípẹ́ lójú ọ̀nà. Yóò sọ bí ó ṣe jí, bí ó ṣe wẹ̀, ohun tí ó jẹ, ibi tí ó ti wọ ọkọ̀. Kí ó tó dé ibi tí wọ́n ní kí ó ṣàpèjúwe, aago ti lù.

Ẹ̀kẹta ni pé yóò kọ̀wé bí ẹni pé ọ̀nà náà rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ń yí padà, òjìji ń lọ, oòrùn ń dé, ara ẹni tí ń rìn pàápàá ń yí padà.

Fi gbólóhùn méjì wọ̀nyí wéra:

(a) Òkè náà ga gan-an, ó sì ń dẹ́rù bani.
(b) Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, òrùlé páànù àwọn ilé ìsàlẹ̀ ti kéré bí páálí ìṣáná tí ọmọdé tò sílẹ̀.

Nínú (b), a kò pe òkè náà ní gíga, síbẹ̀ gíga rẹ̀ hàn. Èyí ni kí o máa lépa.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ O MỌ̀ KÍ O TÓ KỌ Ọ́

Òkè Ìdànrè wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sì jìnnà sí Àkúrẹ́. Kì í ṣe òkè kan ṣoṣo. Àwọn àpáta ńláńlá ni wọ́n tò ti ara wọn, tí àfonífojì sì wà láàárín wọn, wọ́n sì ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun. Orí òkè yìí ni ìlú Ìdànrè wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kí àwọn ará ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní àwọn ọdún 1920 àti 1930. Ní ọdún 2007, a fi orúkọ òkè náà sí àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé.

ÌLAPA ÈRÒ

1. Ìfáárà: bí ilẹ̀ ṣe yí padà láti Ìlọrin títí dé ìsàlẹ̀ òkè (kí ó kúrú).
2. Gígun àtẹ̀gùn: igbó, òjìji, àárẹ̀.
3. Orí àpáta: oòrùn àti ibi gbalasa.
4. Ìlú àtijọ́: ààfin, ilé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ amọ̀nà.
5. Ìsọ̀kalẹ̀ àti ìkádìí: ohun tí mo rò nípa rẹ̀.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ: ÌRÌN ẸSẸ̀ KAN TÍ N KÒ LÈ GBÀGBÉ

Láti Ìlọrin títí a fi súnmọ́ Òṣogbo, koríko gígùn àti igi òrí tí ó dúró lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó bá wa rìn ní ẹ̀gbẹ́ títì. Nígbà tí a kọjá Iléṣà, igbó ti sé mọ́ ọ̀nà. Ọ̀pẹ àti kòkó ni a ń rí. Lẹ́yìn Àkúrẹ́, àwọn àpáta dúdú yọ láti àárín igbó náà bí ẹ̀yìn erin tí ó rì sínú omi. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ méjìdínlógún dákẹ́ nínú ọkọ̀. A ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni à ń lọ.

Àtẹ̀gùn ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀ta, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Ní ìsàlẹ̀, igi ṣíji bò wá, ilẹ̀ tutù, òórùn ewé tí ó ti jẹrà sì gba afẹ́fẹ́. Títí a fi dé ibi ìsinmi kìn-ín-ní, orin ni a ń kọ. Ní èkejì, a kò kọrin mọ́. Ní ẹ̀kẹta, èémí wa nìkan ni à ń gbọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi kan ti jókòó, tí ó ní òòyì ń kọ́ òun, kí a máa lọ. Bàbá tí ń fi ọ̀nà hàn wá kò gbà. Ó fún un ní omi, ó jẹ́ kí ó sinmi dáadáa, ó wá wí pé, ‘Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí ó lọ́ra jù ni kí ó ṣíwájú. Bí ẹni tí ó yára bá ṣíwájú, a ó já ara wa sílẹ̀.’ Láti ìgbà náà lọ, ọ̀rẹ́ mi ni ó ṣíwájú wa. A lọ́ra, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a dé òkè.

Lójijì, igi tán. Àpáta lásán ni ó kù, ó tẹ́ lọ, ó sì ń tàn yanran nínú oòrùn. Ooru rẹ̀ ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà wọlé. Inú àwọn ibi tí ó sán nìkan ni koríko ti rí ilẹ̀ dìmú. Mo bojú wẹ̀yìn, òrùlé páànù àwọn ilé ìsàlẹ̀ sì ti kéré bí páálí ìṣáná. Olùkọ́ wa sọ fún wa pé ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan wà lórí òkè yìí tí a kò tíì rí níbòmíràn ní gbogbo ayé. Ó ju ogójì ọdún lọ tí ẹnikẹ́ni kò fi ojú kàn án, kí àwọn onímọ̀ tó tún rí i ní ọdún 2013. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti gba inú àfonífojì lọ, a sì bá ìlú tí kò ní ará ìlú. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá wà níbẹ̀ pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, àti ibi tí wọ́n ń sin òkú sí. Wọ́n fi ojú ẹsẹ̀ Agbòógùn hàn wá lára àpáta, èyí tí a gbọ́ pé ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu, àfi ti àjẹ́. Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ẹni méjì nínú wa kọ̀ láti ti ẹsẹ̀ tiwọn bọ̀ ọ́.

Mo bi Bàbá léèrè pé, ‘Bàbá, kí ni ó dé tí wọ́n fi ibi báyìí sílẹ̀?’ Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, ‘Ogun ni wọ́n sá fún tí wọ́n fi fẹ́ràn òkè. Ọ̀tá wo ni yóò ru ohun ìjà gun ibi tí ẹ gùn yìí? Nígbà tí ogun parí, ọ̀nà ọkọ̀ wà nísàlẹ̀, oko kòkó wà nísàlẹ̀, ọjà náà wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n pọn ìyá mi sí sọ̀kalẹ̀. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, bí ó bá wí pé òun fẹ́ lọ sí ilé, òkè ni ó máa ń nà ọwọ́ sí.’ Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa koríko kan tí ó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tu, a sì ń bá ọ̀nà wa lọ.

Ìsọ̀kalẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kò rọrùn. Orúnkún wa ń gbọ̀n, òjò sì ń ṣú, Bàbá sì ti kìlọ̀ pé àpáta tútù kì í mọ ẹni ọ̀wọ̀. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, mo gbé ojú sókè. Ìkùukùu ti bo orí òkè náà. Mo rò ó pé òkè tí ó gba àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ogun ni ó tún fẹ́ dí wọn lọ́wọ́ nígbà tí àlàáfíà dé. Wọ́n mọ ìgbà tí ó yẹ láti gòkè, wọ́n sì mọ ìgbà tí ó yẹ láti sọ̀kalẹ̀.

ÀLÀYÉ LÓRÍ ÀRÒKỌ YÌÍ

Ṣàkíyèsí pé ìpínrọ̀ kan péré ni ìrìn inú ọkọ̀ gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé ìpínrọ̀ náà kò ṣòfò: ó fi bí ilẹ̀ ọ̀dàn ṣe ń di igbó hàn.

Wò ó bí òǹkọ̀wé ṣe lo ibi ìsinmi mẹ́ta láti fi àárẹ̀ hàn. Kò kọ ọ́ rárá pé, ‘Ó rẹ̀ wá.’ Ó lo ojú, etí, imú àti ara: àpáta tí ń tàn, èémí, òórùn ewé, ooru lábẹ́ bàtà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lo ojú nìkan fi ọ̀pọ̀ ohun èlò rẹ̀ sílẹ̀ láìlò.

Ìbéèrè tí ó bi Bàbá ni ọkàn àròkọ náà. Láìsí i, a ó rí òkè, ṣùgbọ́n a kò ní mọ ìdí tí òkè náà fi ṣe pàtàkì. Nínú àpèjúwe ibi gbogbo, wá ìbéèrè kan tí ibẹ̀ fi sí ọ lọ́kàn, kí o sì béèrè rẹ̀.

Bí o bá jẹ́ ẹni tí ń kàwé, o lè fi ibòmíràn wé e. Fún àpẹẹrẹ, ní erékùṣù Kírétè ní ilẹ̀ Gíríìsì, létí òkun Mẹditaréníà níbi tí oòrùn ti ń mú bí tiwa, àwọn ènìyàn máa ń fi ẹsẹ̀ rin àfonífojì Samaria, tí ó gùn tó kìlómítà 16. Abúlé kan wà láàárín rẹ̀ tí àwọn tí ó kù níbẹ̀ kó kúrò ní ọdún 1962, nígbà tí ìjọba sọ ibẹ̀ di ọgbà ìpamọ́. Gbólóhùn kan tàbí méjì báyìí tó; bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, o ti kúrò lórí ọ̀rọ̀.

Má ṣe há àròkọ yìí sórí láti lọ dà á sílẹ̀ nínú gbọ̀ngán ìdánwò. Ẹni tí ń yẹ ìwé wò yóò mọ̀. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Bí o kò bá lè dé Ìdànrè, Òkè Sóbì wà nílùú Ìlọrin níhìn-ín, omi Òwu sì ń dà láti orí àpáta ní Ìpínlẹ̀ Kwárà wa yìí. Mú ìwé àti pẹ́ńsù dání, kí o sì kọ ohun tí o rí sílẹ̀ níbẹ̀.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Tún gbólóhùn wọ̀nyí kọ láìlo ọ̀rọ̀ tí a fà ilà sí nídìí: (a) Odò náà <u>jìn</u>. (b) Ọjà náà <u>kún</u>. (c) Oòrùn <u>mú</u> lọ́jọ́ náà.
2. Ṣe ìlapa èrò onípínrọ̀ márùn-ún lórí ‘Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ní àdúgbò mi’.
3. Kọ àròkọ lórí òkè, odò tàbí igbó kan tí o ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ dé. Rí i dájú pé ìlẹ̀ ọ̀nà náà yí padà ó kéré tán ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí o sì fi ìbéèrè kan sí i.