Ọmọ Tí A Ń Pè Ní Olódo

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí ti inú àṣìṣe àwa tìkára wa wá. Nígbà tí a ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Mushin, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa tí ó máa ń ṣi ohun tí a bá kọ sójú pátákó kọ sínú ìwé rẹ̀. A bá a wí, a nà án, a pè é ní olódo. Níkẹyìn a mú un lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá, kí ó má ba à fa àwọn yòókù sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kan òjò rọ̀, òrùlé ń jò lápá ẹ̀yìn, gbogbo ọmọ sì kóra jọ síwájú. Ní ọjọ́ náà ọmọ yìí kọ iṣẹ́ rẹ̀ láìṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà náà ni a tó mọ̀ pé kò ríran jìnnà.

Àwọn àgbà wí pé ìka kò dọ́gba. Nítorí náà, bí ọmọ kò bá mọ̀wé, kí a kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀ kí a tó wá pàṣán.

Èkíní, kí a wo ojú. Ọmọ tí ń gbé ìwé sún mọ́ imú, tàbí tí ń wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀ nígbà gbogbo, ó lè jẹ́ pé kò rí pátákó. Kí ó jókòó níwájú, kí olùkọ́ sì máa ka ohun tí ó ń kọ sókè ketekete. Kí òbí mú un lọ sí ilé-ìwòsàn, irú èyí tí ó wà ní Ìdí-Àràbà.

Èkejì, kí a wo etí. Ọmọ tí kì í dáhùn bí a bá pè é láti ẹ̀yìn lè má jẹ́ alágídí rárá. Etí tí ń ṣọyún, tí a kò tọ́jú, a máa dín ìgbọ́ràn kù. Kí olùkọ́ má ṣe kọjú sí pátákó sọ̀rọ̀, nítorí ẹnu rẹ̀ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń wò.

Ẹ̀kẹta, ọmọ mìíràn wà tí ojú àti etí rẹ̀ dá ṣáká, tí ó sì gbọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ ọn lójú, tí ó ń pe b ní d. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí ó máa fi ìka kọ lẹ́tà sórí iyanrìn, kí ó máa pe ìró rẹ̀ bí ó ti ń kọ ọ́. Kí a fún un ní àkókò sí i, kí a sì jẹ́ kí ó fi ẹnu dáhùn nígbà mìíràn.

Bí ìṣòro ọmọ bá ju èyí lọ, kí a má ṣe fi í pamọ́ sílé. Ní Surulere, ilé-ẹ̀kọ́ Wesley wà fún àwọn adití. Pacelli, tí Ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní 1962, sì wà fún àwọn afọ́jú, níbi tí ọmọ ti ń fi ìka ka lẹ́tà Braille tí ó yọ sókè lára pépà. Ní Akoka, ilé-ẹ̀kọ́ Modúpẹ́ Cole wà fún àwọn tí òye wọn lọ́ra tàbí tí ara wọn ní àbùkù. Ẹ rántí Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, tí ó di adití ní ọmọ ọdún 11: òun ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, àti ní Ìbàdàn ní 1960.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni a ní láti rán lọ. Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gba àwọn aláàbọ̀ ara mọ́ra, kí ẹ̀kọ́ wọn sì jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ìwé girama. Kíláàsì tiwa gan-an ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n fún ọmọ Mushin nì ní awò ojú, kò sì pẹ́ tí ó fi bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹgba tí a ti nà án, a kò lè gbà á padà.

Ìbéèrè fún ìpàdé àwọn olùkọ́:
1. Ta ni ó jókòó lẹ́yìn pátápátá ní kíláàsì wa?
2. Ta ni ó fi í síbẹ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀?