Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: ÌRORA IWÁJÚ ORÚNKÚN LÁRA ÀWỌN ỌMỌ TÓ Ń BÀLÁGÀ

Ẹ̀yin òbí wa ní Awkunanaw,

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà láàárín ọdún 10 sí 16 ló máa ń sọ pé iwájú orúnkún ń dun àwọn. Òmíràn kì í fẹ́ kúnlẹ̀ kí àgbà mọ́. Òmíràn kò lè jókòó àtahíyà dáadáa. Ká má tètè pè é ní ọ̀lẹ tàbí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ká má sì sọ pé "ó ń dàgbà ni", ká fi róòbù pa á, ká gbàgbé ẹ̀. Ohun tó ń fa ìrora yìí ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ ní kí ọmọ fi ọwọ́ han ibi tó ń dùn ún.

1. Bí ó bá fi ìka kan tọ́ka sí kókó egungun tó wà lókè ojúgun, nísàlẹ̀ orúnkún, tó wú díẹ̀, tó sì ń dùn ún bí a bá tẹ̀ ẹ́, Osgood-Schlatter ló sábà máa ń jẹ́. Dókítà Osgood ní Amẹ́ríkà àti Dókítà Schlatter ní Switzerland ló ṣàlàyé rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọdún 1903. Iṣan ńlá iwájú itan ló ń fa egungun tí kò tíì gbó níbẹ̀, pàápàá lára ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tó ń ṣe tẹ́ńtẹ́ń.

2. Bí ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ bo gbogbo iwájú orúnkún, tó ń dùn ún bó bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí tó bá jókòó pẹ́ ní ilé-kéwú, ẹ̀yìn egungun róbótó orí orúnkún ni wàhálà wà.

Méjèèjì yìí kì í sábà gba abẹ́rẹ́ tàbí iṣẹ́ abẹ. Kí ọmọ dín eré sísá àti fífò kù, kí ó fi yìnyín tí a fi aṣọ wé lé e fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn eré, kí ó sì fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orúnkún lórí ẹní ìkírun. Ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lọ tán.

3. Bí ọmọ bá ń tiro, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú síta, tí títẹ orúnkún kò sì dùn ún, ẹ wo ìbàdí. Orí egungun itan lè yẹ̀ níbẹ̀, pàápàá lára ọmọ tó sanra, kó jẹ́ orúnkún ni yóò máa ro ó. Ẹ má jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ náà rìn mọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

ÀWỌN ÀMÌ EWU: ibà pẹ̀lú orúnkún tó wú tó sì gbóná, ìrora ẹsẹ̀ kan tó ń jí ọmọ lóru, kókó tó ń tóbi sí i, ọmọ tó ń rù. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá jẹ́ SS, ẹ má ṣe rò pé fòníkú-fọ̀ladìde lásán ni. Kòkòrò àrùn lè ti wọ inú egungun. Ẹ má wọ́ ọ, ẹ má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun. National Orthopaedic Hospital wà ní Enugu níbí. UNTH sì wà ní Ituku-Ozalla láti ọdún 2007.

Ní ti ìrun, Ànábì wa (SAW) yọ̀ǹda fún Imran bin Husain nígbà àìsàn pé kí ó kírun ní ìjókòó bí ìdúró kò bá ṣeé ṣe, tàbí ní ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀ bí ìjókòó náà kò bá ṣeé ṣe. Nítorí náà, ọmọ tí ìrora kò jẹ́ kó lè forí kanlẹ̀ lè kí i lórí àga títí yóò fi sàn. Kí a má fi ẹ̀sìn ni ín lára.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní àlàáfíà. Àmín.