Ọgbà Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé: Ìgbà Èrè àti Ìgbà Òfò



Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin ọdún, púpọ̀ nínú wa ni í mú ọkọ́ àti àdá láti ro ẹ̀yìnkùlé, kí a lè gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí oṣù kẹjọ tó dé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọgbà wọ̀nyí ti padà di igbó. Kì í ṣe pé ọ̀lẹ ni àwọn tí ó ni wọ́n. Wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ọkàn wọn sì rẹ̀wẹ̀sì. Ohun tí a fẹ́ kọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí ni pé òfò jẹ́ apá kan iṣẹ́ ọgbà, àti pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní ìdí tí a lè fi ojú rí. Ẹni tí ó bá wá ìdí náà yóò tún gbìn. Ẹni tí kò bá wá a yóò pa ọgbà tì, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí aládùúgbò rẹ̀.

Èrè ọgbà

Ọgbà inú ilé kì í ṣe ohun tuntun láàrin àwa Kristẹni. Ní ọ̀rúndún kẹfà, Benedict Mímọ́ fi lélẹ̀ nínú òfin rẹ̀, ní orí 66, pé kí ilé àwọn mọ́ńkì ní omi àti ọgbà nínú àyíká ara rẹ̀, kí wọn má baà máa rìn kiri nítorí ohun tí wọ́n nílò. Àwọn ìyá wa náà mọ ọgbọ́n yìí: ewúro lẹ́bàá ògiri, gbúre nítòsí balùwẹ̀, ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn.

Tẹ̀tẹ̀ tí a fọ́n lónìí lè tó fà tu láàrin ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Ewédú a máa tó já ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ilá a sì máa so ní nǹkan bí oṣù 2. Ẹ̀ka ewúro ni a ń rì mọ́lẹ̀. Bí ó bá ti mú, ọ̀pọ̀ ọdún ni a ó fi máa já ewé rẹ̀. Ní ilé tí owó ọbẹ̀ kò tó, ẹ̀yìnkùlé yìí ni ó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹ̀fọ́ jẹ ẹ̀kọ, dípò kí wọn jẹ ẹ́ lásán.

Òfò ọgbà àti ìdí rẹ̀

Ìkínní: irúgbìn tí kò hù. Èèpo irúgbìn ewédú le. Àwọn àgbà a máa dì í sínú aṣọ, wọn a rì í bọ inú omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, wọn a sì sá a kí ó gbẹ kí wọn tó fọ́n ọn. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti jinná nìyẹn. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ní tirẹ̀ kéré púpọ̀. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ó má baà ṣù sójú kan, nítorí ẹ̀fọ́ tí ó bá há mọ́ra jù a máa jẹrà láti ìdí.

Ìkejì: ajílẹ̀ tí ó ń jó gbòǹgbò. Ìgbẹ́ adìyẹ dára fún ilẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní tútù. Ẹ kó o jọ, ẹ bò ó, kí ó jẹrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí ooru àti òórùn rẹ̀ yóò fi tán.

Ìkẹta: ẹran ọ̀sìn àti kòkòrò. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ fi ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ sọgbà yí ibẹ̀ ká kí ẹ tó gbìn, kì í ṣe lẹ́yìn tí ewúrẹ́ bá ti jẹ ẹ́ tán, tí ìjà sì ti bẹ́ sílẹ̀. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀, nígbà tí òtútù kò tíì jẹ́ kí tata lè fò dáadáa, ẹ fi ọwọ́ ṣà á. Ìgbín a máa jáde ní òru lẹ́yìn òjò. Ẹ mú àtùpà, ẹ ṣà á sínú ìkòkò.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fọ́n oògùn tí a fi ń pa aáyán sí ara ẹ̀fọ́. Májèlé ni, fífi omi fọ ewé kò sì tó láti mú un kúrò. Ewé tí kòkòrò ti jẹ díẹ̀ lára rẹ̀ kò lè pa ọmọ wa, oògùn náà lè pa á.

Ìkẹrin: igi tí ó rọ lójijì. Èyí ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ. Tòmátì ń so dáadáa. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ó ti rọ, ewé rẹ̀ sì tutù síbẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ a ó gbọ́ pé ọwọ́ ayé ni, a ó sì rántí ẹni tí ó kọjá níbẹ̀ lánàá. Ẹ̀yin ará, kí a tó fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo igi náà. Ẹ gé ìdí rẹ̀, kí ó gùn tó ìka kan, kí ẹ sì mú un dúró kí ojú ibi tí a gé kan omi tí ó mọ́ nínú ife gíláàsì. Bí ohun funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bí omi ogì bá ń ṣàn jáde láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, àìsàn inú ilẹ̀ ni, kòkòrò àìfojúrí ni ó sì ń fà á. Ẹ fà á tu, ẹ sun ún, ẹ má ṣe dà á sórí ààtàn. Ẹ má ṣe gbin tòmátì, ata tàbí ìgbá síbẹ̀ mọ́ fún ọdún mélòó kan, nítorí ìbátan ni wọ́n, àìsàn náà a sì máa mú gbogbo wọn. Ẹ gbin àgbàdo dípò wọn.

Bákan náà, bí ewédú tàbí ilá bá ràn tí kò dàgbà, ẹ fa ọ̀kan tu. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ní kókó wúruwùru, aràn inú ilẹ̀ ni ó ń jẹ ẹ́.

Ìkarùn-ún: àpọ̀jù lẹ́ẹ̀kan, àìní lẹ́yìn náà. Bí a bá fọ́n gbogbo irúgbìn lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ yóò tó já, ìyókù yóò sì gbó. Ẹ máa fọ́n díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ilá ní láti di kíká ní ọjọ́ 2 sí 3, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò kó. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ọgbà má ṣe ju omi tí a lè pọn lọ. Èyí tí ó bá sì ṣẹ́kù ní ìgbà ọ̀pọ̀, ẹ rántí opó tí ó wà ládùúgbò.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀

Nínú Ìhìnrere Lúùkù Mímọ́, orí 13, ẹsẹ 6 sí 9, Olúwa wa sọ ti igi ọ̀pọ̀tọ́ kan tí kò so fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tí ó ni ín ní kí a gé e. Olùtọ́jú ọgbà bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan sí i. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ lásán: ó dárúkọ iṣẹ́ tí òun yóò ṣe, pé òun yóò wa ilẹ̀ yí i ká, òun yóò sì fi ajílẹ̀ sí i. Ó sì gbà pé bí kò bá so lẹ́yìn èyí, kí a gé e. Sùúrù tí kò mú ọkọ́ lọ́wọ́, ìjáfara ni.

Fún ọ̀sẹ̀ yìí

1. Ẹ ro ebè kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ lè lo agolo tàbí àpò tí a dá ihò sí nídìí.
2. Ẹ máa bẹ̀ ẹ́ wò ní àràárọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.
3. Bí ẹ bá ti fura sí aládùúgbò kan rí nítorí ọgbà tí ó kú, ẹ lọ kí i, kí ẹ sì mú ẹ̀fọ́ dání.

Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.