Orí Keje: Bíríkìlà Tó Béèrè Omi

Ìdérí sọ́kàwéè ilé wa ní Ìwó já lọ́jọ́ kan. Kò tíì pé ọdún méjì tí a dà á. Ọmọ àdúgbò kan ń lé bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọlé dé orúnkún. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Nígbà tí a fọ́ èyí tó kù, ọwọ́ lásán ni mo fi ń rún un bí ẹni ń rún kúlíkúlí. Ọ̀pá irin méjì péré la rí nínú rẹ̀. Mẹ́jọ la sanwó rẹ̀.

Bíríkìlà tó dà á mọ ọ̀rọ̀ sọ, owó tó pè sì kéré ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Àsansílẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè. Ohun tí ẹni tí mo pè lẹ́yìn rẹ̀ kọ́kọ́ béèrè yàtọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, níbo la ó ti máa rí omi? Ṣé kànga yín kì í gbẹ?”

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ni kọnkéré ń gbẹ bí aṣọ tí a sá sórí okùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Símẹ́ńtì ń mu omi ni, omi tó mu yẹn ló ń sọ ọ́ di líle. Bí oòrùn bá fa omi náà kí símẹ́ńtì tó mu ún tó, ojú kọnkéré náà á máa bọ́ bí ìyẹ̀fun. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́ fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà máa ń kà kí wọ́n tó wọn agbára rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣírò owó omi mọ́ owó iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n omi kan náà lè ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ dúró ti àwọn lébìrà bí wọ́n ṣe ń po kọnkéré. Bó bá ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, omi ti pọ̀ jù. Ó rọ ṣọ́bìrì lọ́rùn, àmọ́ kò ní í lágbára. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni símẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Ẹ bu yanrìn náà, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rún un: bí ẹrẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ dá a padà. Ẹ wo ara àpò símẹ́ńtì pẹ̀lú. Ní 2014, SON, àjọ tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà, ní kí a máa fi èyí tí wọ́n kọ 32.5 sí lára rẹ́ ògiri, kí a máa fi 42.5 da kọnkéré.

Ìdérí sọ́kàwéè la ń sọ o. Bó bá jẹ́ dẹ́kìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ẹnjiníà tí COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà, fún ní ìwé àṣẹ ni kó ṣètò irin. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí, l'Ékòó, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021 pa èèyàn tó lé ní ogójì.

Bíríkìlà kejì, ẹni tó béèrè omi, mú mi lọ wo iṣẹ́ kan tó ti ṣe nítòsí Odò-Orí. Èmi ni mo ní kó jẹ́ èyí tó ti rí òjò ọdún méjì, torí gbogbo iṣẹ́ tuntun ló ń dán. Mo fi ìṣó ha ojú rẹ̀, kò bu. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì láti bá onílé sọ̀rọ̀ nígbà tí bíríkìlà kò sí níbẹ̀.

Mo ra èèlò fúnra mi. Owó iṣẹ́, ọ̀nà mẹ́ta ni mo pín in sí, ìkẹyìn sì di ẹ̀yìn ọjọ́ méje omi. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: iye àpò, iye irin, iye owó, ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ojú ewé ìwé ọmọ mi la lò.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ dà á, mo wà nínú ilé nígbà tó pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá ka irin kí n tó bò ó.”

Mo jáde, mo kà á. Mẹ́jọ ni.