Kì Í Ṣe Gbogbo Erékùṣù Ni A Ń Yà Sí

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 20:13-16

Ẹ̀KỌ́ ÀKỌ́SÓRÍ: Orin Dáfídì 90:12 (Ẹ ṣí i, kí ẹ sì jọ kà á sókè.)

Ní òkun Karíbíà, láàárín Saint Vincent àti Grenada, àwọn erékùṣù kéékèèké kan wà tí a ń pè ní Grenadines. Afẹ́fẹ́ a máa fẹ́ wá láti ìlà oòrùn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ nínú ọdún. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń fi ọkọ̀ onígbòkun rìn fi fẹ́ràn ibẹ̀. Wọ́n a máa ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn, bí ẹni tí ń ti ilé ọ̀rẹ́ kan yà sí ilé ọ̀rẹ́ mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìrìn-àjò ọjọ́ kan níbẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ ṣíkọ̀ ní Bequia ní aago 7 òwúrọ̀. Ibi tí ó ń lọ ni Tobago Cays, erékùṣù kékeré 5 tí ẹnikẹ́ni kò gbé, tí àpáta iyùn abẹ́ omi wà káàkiri àyíká wọn. Ìrìn náà lé ní máìlì 20, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì lè rìn ju nǹkan bí máìlì 5 tàbí 6 lọ ní wákàtí kan. Bí afẹ́fẹ́ bá dára, yóò débẹ̀ ní ọ̀sán.

Kí ló dé tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀sán? Bí ó tilẹ̀ ní ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀nà hàn, ojú ni wọn yóò fi wá ọ̀nà láàárín àpáta. Ẹnì kan a dúró ní iwájú ọkọ̀, a máa wo àwọ̀ omi. Níbi tí omi bá ti dúdú bí aró, ó jìn. Níbi tí ó bá ti ní àwọ̀ ewé tí kò ṣú, iyanrìn ni ó wà nísàlẹ̀, omi kò sì jìn. Níbi tí ó bá ti pọ́n rúsúrúsú, sá fún un, àpáta ni! Nígbà tí oòrùn bá wà lókè, gbogbo àwọ̀ wọ̀nyí a hàn kedere. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti rẹlẹ̀, omi a dán bí dígí, kò sì ní fi ohun tí ó wà nísàlẹ̀ hàn mọ́. Àpáta kò kúrò níbẹ̀ o. Ìmọ́lẹ̀ ni ó lọ.

Wàyí o, erékùṣù Canouan wà lójú ọ̀nà, Mayreau náà wà níwájú, wọ́n sì lẹ́wà. Àwọn èrò ọkọ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yà, ká lúwẹ̀ẹ́, ká jẹun." Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìlúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ọkọ̀ wo oòrùn, ó sì ṣírò. Bí wọ́n bá lo wákàtí 3 níhìn-ín àti wákàtí 2 lọ́hùn-ún, aago 5 ìrọ̀lẹ́ yóò ti kọjá kí wọ́n tó dé àárín àpáta. Ní ilẹ̀ olóoru bẹ́ẹ̀, oòrùn a máa wọ̀ ní nǹkan bí aago 6, ilẹ̀ a sì ṣú kíákíá. Ìdákọ̀ró pàápàá ń fẹ́ àkókò. Bí omi bá jìn tó mítà 5, ó kéré tán mítà 25 ẹ̀wọ̀n ni wọn yóò tú sílẹ̀, wọn yóò sì rí i dájú pé ó ti gún ilẹ̀. Nítorí náà, ọ̀gá ọkọ̀ ní, "Rárá, kì í ṣe lónìí." Wọ́n kùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí alẹ́ lẹ́, wọ́n sùn ní àlàáfíà.

Nínú Bíbélì kíkà wa, Pọ́ọ̀lù náà ń lọ láàárín àwọn erékùṣù. Ó wọ ọkọ̀ ní Ásósì, ó dé Mítílénì, ó kọjá lọ́kánkán Kíósì, ó kan Sámósì, ó sì dé Mílétù. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ó pinnu láti kọjá láìyà: Éfésù. Éfésù kì í ṣe ìlú àjèjì sí i. Ọdún 3 ni ó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ (ẹsẹ 31). Bí ó bá yà, ta ni yóò jẹ́ kí ó tètè lọ? Bẹ́ẹ̀ ni ó ń fẹ́ wà ní Jerúsálẹ́mù ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Síbẹ̀ kò gbàgbé wọn. Láti Mílétù ó ránṣẹ́ pe àwọn alàgbà wọn, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀. Ó kọjá ìlú náà, ṣùgbọ́n kò kọ àwọn ènìyàn ibẹ̀ sílẹ̀.

Olùfẹ́, erékùṣù mélòó ni o fẹ́ yà sí lónìí? Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ohun búburú ni ó ń dá wa dúró. Ohun rere tí ó pọ̀ jù ni. Ní ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo, ìpàdé ẹgbẹ́ wà ní aago 10, ìsìnkú ní aago 12, ìgbéyàwó ní aago 2, a sì tún ti ṣèlérí fún ìyá wa pé a ń bọ̀ wá wò ó. Ta ni ilẹ̀ máa ń ṣú mọ́ lọ́wọ́? Ìyá ni. Yóò máa wo ọ̀nà títí, a ó sì fi fóònù bẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí, títí di ọjọ́ tí kò ní sí ẹni tí yóò gbé fóònù náà mọ́. Àwọn àgbà wa ní, ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ọ sáàárín àpáta ńkọ́? Wo Ìṣe 27:29. Àwọn atukọ̀ tí ẹ̀rù àpáta ń bà ní òru kò sáré mọ́. Wọ́n ju ìdákọ̀ró 4 sílẹ̀, wọ́n sì ń retí ojúmọ́. Ìwọ náà, dúró. Má ṣe ìpinnu nínú òkùnkùn. Ilẹ̀ yóò mọ́.

ÌGBÉSẸ̀ ÒNÍ: Kí o tó jáde, kọ gbogbo ibi tí o fẹ́ lọ sílẹ̀. Èwo ni Jerúsálẹ́mù rẹ? Fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Èwo ni Éfésù? Ránṣẹ́ sí wọn ní òwúrọ̀ yìí, kí wọ́n má baà máa retí rẹ.

ÀDÚRÀ
1. Baba, fi iṣẹ́ tí ó jẹ́ tèmi lónìí hàn mí.
2. Olúwa, fún mi ní ìgboyà láti sọ pé "rárá" láìpurọ́, láìbínú.
3. Baba, pa gbogbo àwọn tí ń rìn lórí omi lónìí mọ́.
4. Ilẹ̀ kò ní ṣú mi sáàárín àpáta, ní orúkọ Jésù. Àmín.