'Yọ́' àti 'Tú': Ọ̀rọ̀ fún Iṣẹ́ Ògiri Iṣan Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀rọ̀-ìṣe 'dì' ní ìtumọ̀ méjì. Epo pupa ń dì nígbà ọyẹ́. Bákan náà ni ènìyàn ń di ẹrù. 'Yọ́' ni òdì kejì ti àkọ́kọ́, 'tú' sì ni ti èkejì. Olùtumọ̀ tí ó bá kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ń 'yọ́' nínú ara ti fi ẹ̀jẹ̀ wé epo. Alápatà Mọ́níyà kò ní gbà fún un. Epo tí ó dì lọ́jà ní òwúrọ̀ ọyẹ́ yóò yọ́ bí oòrùn bá mú, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ màlúù tí ó ti dì nínú àwo, bí wọ́n bá gbé e kaná, ńṣe ni yóò máa le sí i.

Òtútù kọ́ ni ó mú un dì. Okùn tín-ín-rín ti purotéènì tí ń jẹ́ fíbírìn ni ó hun ara wọn bí àwọ̀n, tí wọ́n sì há àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ mọ́ inú. Àwọ̀n kì í yọ́. Gígé ni pilásímìn ń gé e. Ẹ́ńsáìmù ni pilásímìn, ṣùgbọ́n kò lágbára kankan nígbà tí ó ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ bí pilásímínójẹ̀n. Ohun mìíràn ni ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di alágbára.

Ní 1947, Astrup àti Permin fi hàn pé irú ohun bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹran ara. Ní 1959, Todd bo ẹran tí ó gé pẹlẹbẹ mọ́ abẹ́ fíbírìn, ó sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ni fíbírìn náà ti ń lu, pàápàá àwọn iṣan tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ inú ògiri iṣan ni ó ń pèsè ohun náà. 'Amúṣiṣẹ́' yẹ ẹ́ ní orúkọ. Bí òun àti pilásímínójẹ̀n bá lẹ̀ mọ́ fíbírìn ni iṣẹ́ rẹ̀ tó yá kánkán, nítorí náà ibi tí ìdì wà gan-an ni gígé ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan náà tún ń pèsè 'adènà', kí ojú ọgbẹ́ má baà ṣí láìtọ́jọ́. Ògiri ilé kì í ṣe irú èyí. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ògiri yìí wà láàyè.

'Títú ìdì ẹ̀jẹ̀' ni ó tọ̀nà jù, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá yọ 'ìdì' kúrò, torí 'ẹ̀jẹ̀ ń tú' ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ọ̀ràn náà ju ti ìwé lọ. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ìdì inú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò 'yọ́' lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi gbígbóná àti òróró ra á, bẹ́ẹ̀ títẹ̀ náà lè já ìdì ọ̀hún, kí ó sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró.